Ara Ńlá, Èémí Kékeré: Bí Mo Ṣe Lọ Mú Ẹ̀gbọ́n Mi ní Àbíjàn

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbi tí ilé ọkọ mi wà, àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí wọ́n bí mi sí: “Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ sọ, oṣù mẹ́jọ lẹ lò. Kí lẹ ń ṣe ní Àbíjàn?” Mo ti dá àwọn kan lóhùn ní ṣókí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ìdúró lọ. Ẹ fìdí kalẹ̀, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá mi ló rán mi. Ẹ̀yìn Ọjà Igbó ni ilé wọn wà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí wọn ń gbọ́ kedere. Ọmọ méjì ló kù fún wọn láyé: èmi Fọláṣadé, àti ẹ̀gbọ́n mi Ọláyíwọlá, tí a ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Láyí. Bọ̀ọ̀dá Láyí lọ ta ìkòkò àti abọ́ ní Àbíjàn, bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń wá ajé lọ sí ọ̀nà jíjìn láti ayé àwọn bàbá wa. Ọdún méjìlélógún ni kò fi wálé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pe Ìyá lórí fóònù, gbogbo ọdún ló sì ń sọ pé, “Ó di ọdún tó ń bọ̀, Ìyá, bí Ọlọ́run bá fẹ́.”

Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, Ìyá ránṣẹ́ pè mí láti Ọ̀yọ́. Wọ́n ti di ẹ̀gúsí oko wa ní Ìrẹsà sínú àpò, wọ́n ti rọ irú sínú ìgò, wọ́n fi ọ̀rá wé e nígbà mẹ́ta.

Wọ́n ní, “Ṣadé, ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ tí í fi í gbọ́. Lọ bá mi mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Má bá a jà o. Ṣáà mú un wá.”

Omi ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi

N kò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dá yín lágara. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé bí a ṣe ń ti bodè kan bọ́ sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu mi ń kéré sí i. Ní Kútọnu, Yorùbá ni mo fi ra búrẹ́dì. Ní Lomé, ẹ̀rín ni mo fi ń rajà. Ní Accra, èdè òyìnbó tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbà mí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo di odi. Èmi tíṣà, mo dúró níwájú ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ méjì, n kò mọ èyí tó jẹ́ tobìnrin, àfi ìgbà tí obìnrin kan jáde nínú ọ̀kan.

Ní ìdíkọ̀ Àbíjàn, n kò rí ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin kan tó wé gèlè funfun ló ń tọ́ka sí mi láàárín èrò, tó ń pariwo pé, “Ọmọ Ajílété! Ọmọ Ajílété, ẹ kú ewu ọ̀nà o!” Ìyá Sàfúrá nìyẹn, ará ilé kan náà pẹ̀lú Bọ̀ọ̀dá Láyí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, kò sì fojú rí Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dà bí ti ìyá ìyá mi tó ti kú: àwọn ọ̀rọ̀ tí àwa tó wà nílé ti sọ nù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti tún gbọ́ wọn. Kí a tó dé ilé, ó ti bi mí bóyá òótọ́ ni pé máńgòrò ń já sílẹ̀ lójú títì níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń ṣà á. Mo ní òótọ́ ni. Ó mi orí.

Treichville ni wọ́n ń pe àdúgbò wọn. Yàrá yí àgbàlá ká, onílé tirẹ̀ sì jókòó ní àárín, obìnrin àgbà kan tó jẹ́ ọmọ ìlú náà. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ó di apá mi mú, ó gbé mi dìde, ó fún mi níjòókòó. Ó ní kí wọ́n fún mi lómi. Títí mo fi mu omi yẹn tán, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní nǹkan kan. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wò mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbà tí mo gbé ife kalẹ̀ ni onílé tó sọ̀rọ̀.

Ìyá Sàfúrá sọ fún mi létí pé, “Ìròyìn ni wọ́n ń béèrè. Ẹ kọ́kọ́ sọ pé àlàáfíà ni, kí ẹ tó wá sọ ohun tó gbé yín wá.”

Ìwà yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Nílé wa, ẹrù á ṣì wà lórí àlejò tí a ó ti máa bi í léèrè ilé.

Mo ní àlàáfíà ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá mú lọ bá ìyá wa. Nígbà tí Ìyá Sàfúrá túmọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn wo ilẹ̀kùn kan ní igun.

Ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi fi gba ẹnu ilẹ̀kùn náà jáde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n kó tó lọ, ẹ rántí bó ṣe rí bí igi ìgbálẹ̀, tí ìyá wa máa ń rán ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ wọlé. Ọkùnrin tí mo rí yìí, ó tó èèyàn mẹ́ta. Àtẹnu ilẹ̀kùn dé ọ̀dọ̀ mi kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ó sinmi lẹ́ẹ̀kan kó tó dé.

“Ṣadé,” ó ní. “O ti dàgbà.”

Ayọ̀ ti gbé mi lọ. Mo ké, mo sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín ì bá sọ: “Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹ wo bí ara yín ti dáa! Àbíjàn mà gbà yín o!”

Kò rẹ́rìn-ín.

Àtíẹ́kẹ́ àti ohun tí kò sọ lórí fóònù

Wọ́n ń pe gbogbo wa ní Ànàgó níbẹ̀, ìbáà ṣe Ọ̀yọ́, ìbáà ṣe Ìjẹ̀bú. Àwọn ọmọdé ń pè mí ní tàǹtí, bí àwa ṣe ń sọ àǹtí. Bí o bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń jẹun, wọn á pè ọ́ sí i, ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí pàápàá. Àtíẹ́kẹ́ ni oúnjẹ wọn: ẹ̀gẹ́ ni, bíi gàrí, ṣùgbọ́n ooru omi ni wọ́n fi ń sè é, ó tutù lẹ́nu, ó ń kan díẹ̀, wọ́n ń fi ẹja díndín àti àlùbọ́sà jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ní kò lè yó mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo ń béèrè rẹ̀ kí oúnjẹ tó délẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Láyí ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì kan tó ti tẹ̀ láàárín, pẹ̀lú dòdò tó ń rin fún òróró. Mo kíyè sí i pé kì í fi bẹ́ẹ̀ dìde. Bí oníbàárà bá fẹ́ ìkòkò tó wà lókè, á ní kí ó fúnra rẹ̀ mú un. Bó bá sùn, ìhanrun rẹ̀ á máa gòkè, á dákẹ́ pátápátá, èmi náà á di èémí mi mú títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà dá, mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò fi wálé?”

Ó ń nu ìdérí ìkòkò kan tí kò dọ̀tí. “Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ ní Ọjà Igbó pẹ̀lú ara yìí, kí ni wọ́n máa wí?”

“Wọ́n á ní Láyí ti rí ṣe.”

“Ṣé mo ti rí ṣe?”

Mo ti rí yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé.

Ó ní, “Ara mi ń pariwo ohun tí n kò ní. Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, tí ọmọ wa sì ti lọ sílé ọkọ, mo ń jókòó síbí láti àárọ̀, mo ń relé lọ sùn. Oúnjẹ nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi máa wo ara mi, mo ti rí báyìí. Ta ló máa fún mi láyè nínú mọ́tò, Ṣadé? Àyè èèyàn méjì ni mo máa gbà dé Èkó.”

“Ká sanwó èèyàn méjì nígbà náà,” mo ní. “Ìyá ń retí yín.”

Ó kẹ́yìn sí mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Ó fẹ́ rán aṣọ tí yóò wọ̀ délé.

Gbogbo wọn

Ó ku ọjọ́ méjì kí a gbéra ni wọ́n ti bodè pa. A ti ń gbọ́ kòrónà, kòrónà, lórí rédíò. Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni, kò lè gbé nínú ooru. Lójijì, ilé ẹ̀kọ́ dákẹ́, mọ́ṣáláṣí dákẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jáde lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìlú aláriwo yẹn dà bí ilé tí wọ́n ti kó jáde.

Èmi ni mo pe Ìyá.

“Ẹ ti wọkọ̀?”

“Wọ́n ti ti bodè, Ìyá.”

“Ta ló tì í?”

“Ìjọba ni.”

“Ìjọba wo?”

“Gbogbo wọn.”

“Gbogbo wọn,” Ìyá ní, bí ẹni pé wọ́n ń kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Aṣọ tuntun yẹn wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá Láyí kì í wò ó.

Bí àrùn náà ṣe wọlé wa, n kò mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo fẹ́ se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣí ìgò irú, n kò gbọ́ òórùn kankan. Mo gbé e súnmọ́ imú. Kò sí. Irú Ògbómọ̀ṣọ́, tí ará ilé kẹta ń gbọ́! Orí ti ń fọ́ mi láti àná, mo rò pé òòrùn ni. Mo yíjú sí Bọ̀ọ̀dá Láyí kí n fi ṣẹ̀fẹ̀, mo rí i tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń gún iyán.

Nígbà tí ọkọ̀ àwọn eléètò ìlera wá gbé wa, onílé dúró lókèèrè, ó fi aṣọ bo imú. Ìyá Sàfúrá nìkan ló tẹ̀ lé wa dé ẹnu géètì. Ó ń ké pé, “Ẹ máa pè mí! Nígbàkígbà tí ẹ ò bá gbọ́ èdè wọn, ẹ pè mí!”

Àgbàlá láàárín wa

Yàrá àwọn obìnrin àti ti àwọn ọkùnrin kọjú síra, àgbàlá kan ló wà láàárín. Láti ojú fèrèsé mi, mo ń rí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi. Ibà tèmi lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Tirẹ̀ ń le sí i. Wọ́n gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú, síbẹ̀ kò tó o.

Dókítà tó ń tọ́jú wa jẹ́ obìnrin kékeré kan láti àríwá orílẹ̀-èdè wọn, Dókítà Àmínátà. Mo pe Ìyá Sàfúrá, mo gbé fóònù sáàárín èmi àti dókítà.

Mo ní, “Ẹ bá mi bi wọ́n. Èmi ni mo rù, èmi ni afẹ́fẹ́ lè gbé. Ẹ̀gbọ́n mi rèé, ó tóbi bí erin. Kí ló dé tí àrùn yìí fi jọ̀wọ́ mi, tó wá dá ẹni tó lágbára dùbúlẹ̀?”

Dókítà gbọ́ ọ tán, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Ìyá Sàfúrá ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Wọ́n ní títóbi yàtọ̀ sí agbára. Wọ́n ní ọ̀rá tó pọ̀ jù lára, kì í kàn sùn síbẹ̀ bí ẹrù inú àjà. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ń ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà pé ogun dé, ogun dé, nígbà tí ogun kankan ò sí. Àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara kò wá ráyè sinmi. Ọjọ́ tí ogun gidi bá dé, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á pẹ́ dìde. Nígbà tí wọ́n bá sì dìde, wọn ò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n ń lé olè, wọ́n ń wó ilé. Wọ́n ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró Láyí nìyẹn. Wọ́n ní ikùn rẹ̀ tún ti ẹ̀dọ̀fóró ọ̀hún sókè, kò ráyè fẹ̀.”

“Ṣé gbogbo ẹni tó sanra ló ń rí bẹ́ẹ̀?”

“Wọ́n ní rárá o. Wọ́n ní àwọn ti sin ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn sì ti rí ẹni ńlá tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Wọ́n ní ewu tirẹ̀ ló pọ̀ jù, kò túmọ̀ sí pé ó ti tán. Wọ́n ní àwọn ò tíì mọ gbogbo rẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì, èèyàn mẹ́rin ló yí i padà. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, kó fi ikùn sùn, torí pé bí ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀fóró bá kọjú sókè, ó ń rí àyè mí. Báyìí ni mo ṣe ń wò ó láti ojú fèrèsé: ẹ̀gbọ́n mi dojú bolẹ̀ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, apá méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé fóònù sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ẹyẹ lọ.

“Ṣadé... sọ fún Ìyá... mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún wọn... láti àárọ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Ọjọ́ Àìkú dé, Ìyá ń retí ìpè. Mo fẹ́ parọ́ pé ó ti jáde. N kò lè ṣe é. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá ò ké. Wọ́n ní, “Ní kí wọ́n gbé fóònù sí i lẹ́nu. Kí n gbọ́ èémí rẹ̀.”

Mo bẹ nọ́ọ̀sì. Ìyá Sàfúrá bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó gbà. Ó gbé fóònù lé irọ̀rí, ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú kò rí, bodè mẹ́rin láàárín, wọ́n ń gbọ́ bí ọmọ wọn ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn wọn: “Ó ń mí. Ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ́síjìn tó kúrò nímú rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó, ó bi dókítà léèrè: “Ṣé èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á?”

Dókítà Àmínátà ní, “Ìwòsàn ni mo kọ́, n kò kọ́ ìdájọ́. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ rìn dé fèrèsé fún mi.”

Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni. Ó rìn ín.

Èmi nìkan

Nígbà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í fò, bodè orí ilẹ̀ ṣì wà ní títì. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró Bọ̀ọ̀dá Láyí kò tíì tó ohun tó ń wọ bàálù. Ó ní kó máa rìn láràárọ̀, kó dín òróró kù, kó má ṣe kánjú. Ó ti rù díẹ̀. Aṣọ tuntun ń fẹ̀ lára rẹ̀.

Ó sìn mí dé oríta lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró kó lè mí. Ìyá Sàfúrá gbé nǹkan kan lé mi lọ́wọ́, ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá rẹ̀ gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà ìyàwó. Ó ní kí n sin ín sílẹ̀ ibikíbi níbẹ̀, kí nǹkan kan nínú ilé wọn ṣáà ti padà délé. Bọ̀ọ̀dá Láyí kò rí ohun rán mi. Ó ní, “Má wẹ̀yìn, Ṣadé.” Mo wẹ̀yìn. Ó ṣì dúró síbẹ̀, ó fọwọ́ ti ògiri.

Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti na ọrùn.

“Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbọ́,” wọ́n ní.

Mo kúnlẹ̀. “Èmi nìkan ni, Ìyá.”

Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n pa mí lójú, wọ́n pa mí lápá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn wọn fún ọdún méjìlélógún. “Ṣé ó sanra?”

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ ìdáhùn tí wọ́n fẹ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

“Ó sanra gan-an, Ìyá. Ìyẹn ló fẹ́ẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wa.”

Wọ́n jókòó. “Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run nìyẹn. Gbogbo òwúrọ̀. Mo ní kó sanra, kí n lè mọ̀ pé ó ń jẹun.”

“Ọlọ́run mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn.”

“Pè é.”

Mo pè é. Ìyá gba fóònù, wọ́n ò kí i, wọ́n ò bi í léèrè ara. “Láyí, bí o bá sanra, wá. Bí o bá rù, wá. Bí o kò bá ní nǹkan kan, wá.”

Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, kò tíì wá. Bodè kò tíì ṣí, èémí rẹ̀ kò sì tíì pé. Nígbà mìíràn, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí ẹnì kan bá kí aládùúgbò wa pé ara rẹ̀ ti dáa, mo máa ń rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi ẹ̀gbẹ́ gba ẹnu ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń pe Ìyá mọ́. Bó bá ti rìn tán láràárọ̀, ó ń pè. Mo wà lọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí fóònù dún.

“Ibo lo rìn dé lónìí?” Ìyá béèrè.

“Mo dé orí afárá, Ìyá. Mo dúró lẹ́ẹ̀kan péré.”

“Afárá yẹn, ṣé ọ̀nà ilé ló wà?”

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ọ̀nà ilé ni.”

“Ó dáa,” Ìyá ní. “Máa bọ̀.”